Iyọ̀ Lánàá, Èso Níkẹyìn

Bí mo bá gbé adìẹ yíyan sórí ìrẹsì funfun, tí mo sì bu máńgòrò, tòmátò àti ata rodo tútù tí mo gé wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn máa ń bi mí: "Kí lẹ fi sí i?" Wọ́n ń retí kí n dárúkọ èròjà kan tí wọn kò gbọ́ rí. Iyọ̀ ni mo fi sí i, àti iná, àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ohun tí ì bá wù mí kí wọ́n bi mí ni ìgbà tí mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i. Iṣẹ́ ìdáná tí mo ti ń ṣe tipẹ́ ní Ìbàdàn ti jẹ́ kó dá mi lójú pé àsìkò ló ń gbé oúnjẹ yìí ró. Iyọ̀ ní láti ti ṣáájú, kí iná rọra tẹ̀ lé e, kí èso sì dé gbẹ̀yìn, nígbà tí àwọn tó fẹ́ jẹun bá ti ń fọwọ́. Ẹni tó bá da ètò yìí rú, kò sí èròjà tó lè bá a tún un ṣe.

Mẹ́síkò ni a ti gba àṣà ọbẹ̀ èso tútù yìí, tí wọ́n ń pè ní sálsà. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àlùfáà ọmọ Sípéènì kan, Bernardino de Sahagún, kọ ohun tí àwọn onílẹ̀ sọ fún un nípa ayé wọn sílẹ̀, ó sì dárúkọ oríṣiríṣi ọbẹ̀ ata àti tòmátò tí wọ́n ń tà lọ́jà. Odó òkúta ni ọ̀pọ̀ ilé ṣì fi ń gún irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ títí dòní, wọ́n sì ní òkúta pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo, èyí tí ìyá àgbà tó bá ti fi ọlọ lọ ata rí yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà ni ata, tòmátò àti ọ̀pẹ̀yìnbó ti wá bá wa. Adìẹ àti ìrẹsì ní tiwọn bá àwọn ará Sípéènì dé Mẹ́síkò, ẹ̀yìn wọn sì ni máńgòrò dé, láti ìhà Éṣíà. Ohun tó wà nínú àwo kan yìí ti rin ayé já kó tó pàdé ara wọn.

Ọbẹ̀ tútù bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ tiwa. Ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, àti ní Ouidah, ní Orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n ń ṣe ọbẹ̀ kan tó ń jẹ́ moyo: tòmátò, àlùbọ́sà àti ata tútù tí wọ́n gé, tí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀ àti òróró díẹ̀ pò, tí wọ́n ń bù sórí ẹja tàbí adìẹ. Wọ́n kà á mọ́ oúnjẹ àwọn Àgùdà, ìdílé àwọn tó ti oko ẹrú Bràsíílì padà sílé. Ní Bràsíílì fúnra rẹ̀, ẹran yíyan kì í sábà dé orí tábìlì láìsí tòmátò àti àlùbọ́sà tútù tí wọ́n fi fínígà rẹ. Àwọn ìyá alákàrà Bàhíà náà, bí wọ́n bá la àkàrà sí méjì, wọ́n máa ń fi tòmátò tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ há a láàárín. Nítorí náà, nígbà tí èèyàn bá sọ fún mi pé ata tí kò rí iná kì í ṣe oúnjẹ Yorùbá, mo máa ń rán an létí Àjàṣẹ́ àti Bàhíà.

Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà. Adìẹ bùróílà ni mo máa ń rà fún yíyan, èyí tó tó kílò kan àbọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti hú ìyẹ́ rẹ̀ tí wọ́n sì ti kó ìfun rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 péré ni wọ́n fi ń sin ín, iṣan rẹ̀ kò tíì gbó, iná gbígbẹ lè mú un rọ̀. Adìẹ ìbílẹ̀ tó ti ń fẹsẹ̀ họ ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àgbébọ̀ tó ti yé ẹyin títí tó ti dáwọ́ dúró. Omi àti wákàtí gígùn ló ń tú iṣan wọn. Ẹni tó bá gbé wọn sórí èédú, ṣe ló kàn ń sọ wọ́n di gbígbẹ. Ìkòkò ọbẹ̀ ni àyè wọn, wọ́n sì dùn níbẹ̀ ju bùróílà lọ fíìfíì.

Bí mo bá délé, àlùmọ́gàjí ni mo fi ń gé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, láti ìdí títí dé ọrùn. Màá wá yí i padà, màá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àyà rẹ̀ títí eegun àárín yóò fi dún, kí adìẹ náà lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Adìẹ tó tẹ́ báyìí, iná á kàn án dọ́gba. Èyí tó dì rogodo, òde rẹ̀ á ti jó kí ooru tó wọ inú rẹ̀. Eegun ẹ̀yìn àti ọrùn kò gbọdọ̀ ṣòfò: màá sè wọ́n pẹ̀lú àlùbọ́sà kan àti atalẹ̀ díẹ̀, omi rẹ̀ ni màá fi se ìrẹsì.

Lẹ́yìn náà ni iyọ̀. Ṣíbí kékeré 2 tí kò kún jù ló tó fún kílò ẹran kan, ó jẹ́ bíi gíráàmù 12. Màá fi pa gbogbo ara rẹ̀, lókè, lábẹ́ àti lábẹ́ awọ níbi tí ọwọ́ bá lè dé, màá sì gbé e sínú fìríìjì láìbò ó mọ́jú, nísàlẹ̀ gbogbo oúnjẹ yòókù kí omi rẹ̀ má baà kán sórí nǹkan kan. Ní wákàtí àkọ́kọ́, ẹ ó rí i tí iyọ̀ fa omi jáde sórí awọ, ọkàn ẹni tí kò mọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú. Ẹ fi í sílẹ̀. Omi yẹn ló ń yọ́ iyọ̀, tí ẹran sì ń fà á padà díẹ̀díẹ̀. Bí iyọ̀ ti ń wọlé, ó ń tú ìdì ẹran, ẹran náà á wá lè di omi ara rẹ̀ mú nígbà tí ooru bá dé. Atẹ́gùn fìríìjì ní tirẹ̀ á gbẹ awọ. Iyọ̀ tí a fi sí i nígbà tí iná ti ràn tán kò lè ṣe ọ̀kan nínú iṣẹ́ méjèèjì yìí, ojú awọ ni yóò dúró sí. Níbi tí iná ìjọba kò bá ti ṣeé fọkàn tán, kúlà tó kún fún yìnyín fún wákàtí 4 á ṣe é dé àyè kan. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni kí a fi adìẹ tútù sílẹ̀ nínú ooru ilé ìdáná ju wákàtí 2 lọ, nítorí àárín 5°C sí 60°C ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i kíákíá.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa kò lè yan adìẹ láìkọ́kọ́ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú kọ́rì, táìmù àti mágí. Ìdí wà fún un níbi àríyá: bí èèyàn bá fẹ́ bọ́ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta àlejò, bíbọ̀ máa ń jẹ́ kí ẹran jinná kó tó dé orí iná, kò sì ní pẹ́ níbẹ̀ mọ́. Mi ò bá alásè àríyá jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n fún èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún nílé, omi tí a fi bọ̀ ọ́ ló gba adùn lọ, ohun tó sì ṣẹ́ kù fún iná láti ṣe kò ju kó pa awọ rẹ̀ láró. Awọ tútù kò sì lè pọ́n dáadáa. Omi kì í gbóná ju 100°C lọ nínú ìkòkò lásán, bẹ́ẹ̀ ooru tó ju ìyẹn lọ dáadáa ni awọ ẹran nílò kí àwọ̀ ilẹ̀ àti òórùn adùn tó wá. Onímọ̀ ọmọ Faransé kan, Louis-Camille Maillard, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe iṣẹ́ tó ń lọ nígbà yẹn, ní 1912. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà lára awọ, omi ni iná á kọ́kọ́ máa lé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kó gorí iná ni mo máa ń fi òróró díẹ̀, ata gbígbẹ lílọ̀ àti atalẹ̀ lílọ̀ pa á. Aáyù tútù kì í bá a lọ sórí èédú, kíá ló máa ń jó tó sì ń korò.

Àgbá irin tí wọ́n là sí méjì ni mo fi ń yan án, tí wáyà wà lójú rẹ̀. Bí èédú bá ti ràn, mo máa ń dúró títí eérú funfun á fi bò ó, tí ọwọ́ iná á sì ti lọ. Màá wá wọ́ gbogbo èédú lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì á ṣófo. Ẹ̀gbẹ́ òfìfo yẹn ni adìẹ ti ń jinná. Èyí ṣòro fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi láti gbà, torí ojú wọn wà lára iná. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rá adìẹ bá ń kán sórí èédú gan-an, iná á fò sókè, èéfín dúdú á bo ẹran, awọ á dúdú nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá eegun. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mi ò mọ ibi tí òwe yẹn ti ṣẹ ju ìdí iná èédú lọ.

Ẹ̀gbẹ́ eegun ló máa ń kọ́kọ́ dojú kọ ìsàlẹ̀, itan á sì kọjú sí èédú, kí àyà lè jìnnà sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé ooru kan náà kọ́ ló tọ́ sí wọn. Àyà ti jinná nígbà tí inú rẹ̀ bá dé 74°C, tó bá sì fi púpọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, omi ara rẹ̀ á gbẹ, á máa há ni lọ́fun. Itan náà ti ṣeé jẹ ní 74°C, ṣùgbọ́n àárín 80°C sí 85°C ni iṣan rẹ̀ ń yọ́, tí ẹran á wá máa yọ lára eegun wẹ́rẹ́. Bí a bá dé àgbá náà, ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan ló sábà máa ń gbà. Tamómítà oúnjẹ kékeré ni mo máa ń kì bọ inú ẹran, láìjẹ́ kó kan eegun. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó fi àwọ̀ omi ara adìẹ ṣe ẹlẹ́rìí, àmọ́ eegun adìẹ ọ̀dọ́ lè mú kí ẹran tó wà lára rẹ̀ pọ́n kódà nígbà tó ti jinná, omi tó mọ́ sì lè jáde lára èyí tí kò tíì jinná. Nígbà tó bá ku díẹ̀ ni mo máa ń gbé e kọjá sórí èédú, awọ nísàlẹ̀, fún ìṣẹ́jú 3 tàbí 4 péré, tí mi ò sì ní kúrò nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di orí pákó, kó sinmi fún ìṣẹ́jú 10 kí ọ̀bẹ tó kàn án, kí omi ara rẹ̀ má baà ṣàn dà nù.

Ìrẹsì kò pọ̀ lọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ipò tirẹ̀. Mi ò kì í se jọ́lọ́ọ̀fù sídìí oúnjẹ yìí, nítorí tòmátò sísè àti tòmátò tútù kò ní jẹ́ ká gbọ́ ohùn ara wọn. Ìrẹsì Ọ̀fadà, tí mo fẹ́ràn púpọ̀, ní òórùn alágbára tó bá ata dúdú àti irú mu, àmọ́ ó máa ń bo máńgòrò mọ́lẹ̀. Ìrẹsì funfun ni mo ń lò, tàbí ti Ìgbẹ́mọ láti Èkìtì bí mo bá rí èyí tí wọ́n ṣà dáadáa. Màá fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Fún ìrẹsì gígùn tí wọ́n ti fi ooru ṣe kí wọ́n tó bó o, ife 2 máa ń gba ife 4 omi eegun adìẹ. Bí ó bá ti hó, màá dín iná kù, màá dé e pa, mi ò sì ní ro ó. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 20 sí 25, màá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, màá fi í sílẹ̀ ní dídé fún ìṣẹ́jú 10 sí i. Ooru tó há sínú rẹ̀ á parí iṣẹ́, hóró kọ̀ọ̀kan á sì dá dúró.

A wá dé ìdí èso, níbi tí ìkánjú ti ń ba nǹkan jẹ́ jù. Fún adìẹ kan, mo máa ń lo máńgòrò 2, ìlàjì ọ̀pẹ̀yìnbó kékeré, tòmátò líle 3, àlùbọ́sà pupa kan, ata rodo kan tí mo ti yọ hóró rẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ 2, ewé efinrin díẹ̀ àti iyọ̀ níwọ̀nba. Kí máńgòrò ti máa pọ́n ṣùgbọ́n kó ṣì le díẹ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò. Èyí tó ń há sí eyín, mímu ló dára fún. Ọ̀pẹ̀yìnbó tó dára, ẹ gbóòórùn ìdí rẹ̀ ju kí ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ lọ. Irú èyí tó ń ti apá Allada ní Orílẹ̀-èdè Benin wá, èèpo rẹ̀ lè ṣì tutù yọ̀yọ̀ kí inú rẹ̀ sì dùn bí oyin.

Àlùbọ́sà àti ata ló ń ṣáájú. Màá gé wọn wẹ́wẹ́, màá da ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ lé wọn lórí, wọ́n á wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ọsàn á gba ìgbóná ojú lọ́wọ́ àlùbọ́sà, ata á sì pín ara rẹ̀ yí omi náà ká, kì í ṣe pé ẹnì kan á jẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Máńgòrò, tòmátò àti efinrin kò gbọdọ̀ wọlé títí di ìgbà tí adìẹ bá ti wà lórí pákó tó ń sinmi. Iyọ̀ tó ṣe adìẹ lóore nígbà tó ní òru kan gbáko, ọ̀tá ni fún èso tó bá bá a gbé fún wákàtí kan: á fa omi rẹ̀ jáde, èso á wó, ohun tí a ó bù sórí àwo á di omi lásán.

Ọ̀pẹ̀yìnbó ní ìdí mìíràn tí kò fi gbọdọ̀ tètè dé. Nígbà tó bá tutù, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní bromelain, tó máa ń fọ́ ẹran sí wẹ́wẹ́. Òun wà lára ohun tó ń ta ahọ́n bí a bá jẹ ọ̀pẹ̀yìnbó púpọ̀. Irú agbára yìí náà ló wà nínú ìbẹ́pẹ, ìyẹn ni àwọn ìyá wa ṣe ń fi ewé rẹ̀ tàbí èyí tí kò tíì pọ́n rọ ẹran líle. Ẹni tó bá rẹ bùróílà sínú omi ọ̀pẹ̀yìnbó mọ́jú, ìyẹ̀fun ló máa bá lójú ẹran lówùúrọ̀. Iná sì máa ń pa agbára yìí. Nítorí náà, mo sábà máa ń yan ọ̀pẹ̀yìnbó náà lórí wáyà, ní bíbẹ, títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n, kí n tó gé e mọ́ èyí tó kù. Ó máa ń gba díẹ̀ nínú èéfín tó wà lára adìẹ, àwọn méjèèjì á sì mọ ara wọn.

Oúnjẹ tútù ń béèrè ìmọ́tótó tí ọbẹ̀ sísè kì í béèrè, nítorí kò sí iná tó máa wá ṣàtúnṣe. Pákó àti ọ̀bẹ tó kan adìẹ tútù kò gbọdọ̀ kan èso. Mo máa ń fọ gbogbo èso lábẹ́ omi tó ń ṣàn, títí kan èyí tí mo fẹ́ bó, nítorí ọ̀bẹ ló ń gbé ìdọ̀tí èèpo wọ inú. Bí omi ilé kò bá ṣeé mu, a kò gbọdọ̀ fi fọ ohun tí a fẹ́ jẹ ní tútù.

Bí ìgbà máńgòrò bá kọjá, tó sábà máa ń jẹ́ láti oṣù kẹta wọ oṣù kẹfà, oúnjẹ yìí kò gbọdọ̀ dúró dè é. Láti oṣù Kejìlá ni agbálùmọ̀ ti ń kún ọjà, kíkan rẹ̀ sì bá ọ̀rá adìẹ mu ju ti máńgòrò lọ. Kí a sáà bó awọ rẹ̀ nítorí oje tó ń lẹ̀, kí a yọ hóró rẹ̀, kí a sì dín ọsàn wẹ́wẹ́ kù. Ìbẹ́pẹ tó le díẹ̀ wà fún ìgbà tí àwọn méjèèjì kò bá sí. Ẹran yíyan kún fún ọ̀rá àti èéfín, ìrẹsì kò ní ohùn púpọ̀. Ohun kan gbọ́dọ̀ kan, kó dùn, kó sì ta lẹ́nu kí èèyàn tó lè fẹ́ òkèlè mìíràn. Èso tó bá lè ṣe mẹ́ta yẹn, òun ni èso oúnjẹ náà.

Bí a bá fẹ́ jẹun ní aago 7 alẹ́, mo máa ń dáná èédú ní aago 5. Adìẹ á gorí wáyà nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 15 kí aago 6 lù. Ìrẹsì á gorí iná ní aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 10, àlùbọ́sà àti ata á wọ inú ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí adìẹ bá bọ́ sílẹ̀ ni ọ̀bẹ á tó kan máńgòrò. Kò sí èyí tó ń dúró de ẹlòmíràn títí tó fi tutù, kò sì sí èyí tó ṣáájú àsìkò rẹ̀.

Owó ńlá ni adìẹ kan báyìí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò lè rà á bí kò ṣe pé ohun pàtàkì kan ṣẹlẹ̀, nítorí náà ó máa ń dùn mí bí mo bá rí èyí tó gbẹ tàbí tó jó lọ́wọ́ ẹni tó ná gbogbo owó rẹ̀ lórí èròjà tí kò sì fún un ní òru kan. Òru yẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ní àlejò lọ́la, ẹ fi iyọ̀ pa adìẹ yín lálẹ́ òní.